Ordinary, Ọ̀rọ̀ Tí Iyì Rẹ̀ Wálẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, a jókòó sí yàrá ẹ̀yìn láti ka owó ọrẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ló ń to owó náà: ẹgbẹ̀rún lọ́tọ̀, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lọ́tọ̀, igba lọ́tọ̀. Nígbà tó kan àwọn ogún náírà tó ti ṣá, tó ti dọ̀tí, ó fi ọwọ́ gbá wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ordinary ogún náírà! Kí lèèyàn fẹ́ fi rà ní Mpape yìí?" Àwa yòókù rẹ́rìn-ín.

Màmá wa kan tó máa ń bá wa ka owó kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ọ̀kan nínú owó náà, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nà án. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló wà lẹ́yìn owó yìí?" Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ẹ má bínú, Màmá, mi ò mọ̀ ọ́n. Ìyá kan tó ń mọ ìkòkò ni." Màmá ní, "Ṣé o rí i báyìí? O ò mọ̀ ọ́n, o ti pè é ní ordinary."

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Mo wádìí owó náà, mo sì wádìí ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu: owó yẹn àti ọ̀rọ̀ yẹn, ìtàn kan náà ni wọ́n ní. Àwọn méjèèjì ti wà lókè rí. Àwa èèyàn la lò wọ́n, lò wọ́n, títí ojú wa fi mọ́ wọn, tí a fi ń fi ẹsẹ̀ gbá wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú owó náà. Ọ̀gágun Murtala Muhammed ló wà níwájú rẹ̀. Òun ló fọwọ́ sí Òfin Kẹfà ọdún 1976, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì, òfin tó dá agbègbè olú-ìlú tuntun yìí sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda jẹ́ alága rẹ̀ ti dábàá pé kí olú-ìlú kúrò ní Èkó. Láìsí òfin yẹn, bóyá èmi àtẹ̀yin ò ní í mọ ọ̀nà Mpape rárá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala ní Èkó. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí ikú rẹ̀ pé ọdún kan, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1977, ìjọba gbé ogún náírà tuntun jáde pẹ̀lú àwòrán rẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa o: ní ọjọ́ tí ogún náírà jáde, kò sí owó kankan ní Nàìjíríà tó ga jù ú lọ. Òun ni ọ̀gá pátápátá. Ó wà ní ipò yẹn títí di ọdún 1991, tí àádọ́ta náírà fi dé. Ní ọdún 2007, wọ́n sọ ọ́ di owó onírọ́bà tí a mọ̀ lónìí, obìnrin amọ̀kòkò náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣì ń padà bọ̀ sọ́dọ̀ obìnrin yẹn.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ náà. Ordinary, tí a máa ń pè ní "ọ́dínárì," Gẹ̀ẹ́sì ni, ṣùgbọ́n Látìn ni orírun rẹ̀. Ní èdè Látìn, ordo ni ìlà, ìtò, ètò. Ohun tó bá wà ní ìlà tirẹ̀, tó wà ní ipò tó yẹ kó wà, ni wọ́n ń pè ní ordinarius. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á, ó sì ti lé ní 600 ọdún tó ti wà lẹ́nu wọn. Inú ìdílé kan náà ni order ti jáde. Inú rẹ̀ náà ni ordain àti ordination ti jáde. Ẹ ò rí nǹkan? Ọ̀rọ̀ tí a fi ń sọ pé wọ́n gbé ọwọ́ lé àlùfáà lórí, àti ọ̀rọ̀ tí a fi ń gbá ogún náírà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n.

Kódà, oyè ni ordinary nígbà kan. Nínú òfin ìjọ Àgùdà àti ti Áńgílíkà, títí di òní olónìí, bíṣọ́ọ̀bù tó ń ṣàkóso dáyósíìsì ni wọ́n ń pè ní Ordinary. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ipò rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló fún un láṣẹ. Kì í ṣe pé ẹnìkan yá a ní àṣẹ lò. Ẹ rántí Àjàyí Crowther tiwa. Ní ọdún 1821, wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn, ó ṣì kéré. Òun fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pé wọ́n fi òun ṣe pàṣípààrọ̀ ẹṣin kan. Ọmọ tí iye rẹ̀ lọ́jà kò ju ti ẹṣin kan lọ, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ó sì bọ́ sí irú ipò tí òfin ìjọ ń pè ní ordinary. Ta ló mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n ń fi í pààrọ̀ ẹṣin?

Ní Lọ́ńdọ̀nù ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn, àlùfáà tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate, oyè tirẹ̀ náà ni Ordinary. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dúró ti àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹgi fún, kó bá wọn gbàdúrà dé ìdí igi. Láyé yẹn kan náà, ní àwọn ilé oúnjẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oúnjẹ tí wọ́n ń sè lójoojúmọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ní iye owó kan náà, ni wọ́n tún ń pè ní ordinary. Ohun gbogbo ènìyàn ni.

Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ohun tó wà ní ètò ni a máa ń rí lójoojúmọ́. Ohun tí a bá ń rí lójoojúmọ́, ojú wa á mọ́ ọn. Ohun tí ojú bá sì ti mọ́ jù, ojú kì í kà á sí mọ́. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ wa ní Nàìjíríà, ó ti di ọ̀rọ̀ àbùkù. A ò lò ó mọ́ láti sọ bí nǹkan ṣe rí. A ń gbé e síwájú nǹkan láti fi bẹ́ ẹ lórí ni: ordinary bébà, ordinary kápẹ́ńtà, ordinary tíṣà. "Ordinary O Level ló ní o." Ẹ gbọ́, Ordinary ni O yẹn dúró fún! Ìdánwò tí WAEC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1952, fi tọ́ àwọn bàbá wa. Ẹnì kan ò lè fò ó kọjá. Bó o gba ẹ̀bùn bí òjò, bí kò bá sí krẹ́díìtì márùn-ún, yunifásítì ò ní í ṣílẹ̀kùn fún ọ. Ìpìlẹ̀ ni wọ́n pè ní ordinary, àwa pè é ní kékeré. Ta ló ń kọ́ ilé alájà mẹ́rin tí kò ní ìpìlẹ̀?

A tún máa ń lò ó lọ́nà kejì, tí inú bá ń bí wa. "Ordinary 'ẹ kú àárọ̀' ò lè jáde lẹ́nu ẹ̀!" "Ordinary omi, wọn ò lè fún wa!" Ẹ wò ó bí ẹnu wa ṣe ń tú wa fó. Ìkíni ni, omi ni, iná ni, oorun alẹ́ ni. Ohun tí a bá pè ní ordinary nígbà tí inú ń bí wa, ohun tí a ò lè wà láìsí rẹ̀ ni. Ẹni tó bá ti dúró de mai ruwa ní àárọ̀ kùtù ní Mpape, tí àwọn ọmọ fẹ́ wẹ̀ lọ síléèwé, kò ní í sọ fún yín pé omi ò já mọ́ nǹkan.

Àwa Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ tiwa tí a fi ń túmọ̀ ordinary, lásán ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ gbé há sí gan-an nìyí. Lásán, inú asán ló ti jáde, asán kan náà tí Ìwé Oníwàásù fi ń pariwo. Asán ni òfìfo, ohun tí kò ní nǹkan nínú. Ẹ wá fi wéra: ti Gẹ̀ẹ́sì, láti ara ètò ló ti wá, tiwa, láti ara òfìfo. Tí a bá túmọ̀ ordinary sí lásán láìronú, a ti mú ohun tó wà ní ìlà rẹ̀, a ti sọ ọ́ di ohun tí kò ní nǹkan nínú.

N kò ní kí á ju lásán nù o. Àwọn bàbá wa lò ó dáadáa. Omi lásán ni omi tí a ò po nǹkan mọ́. Ẹsẹ̀ lásán ni ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Kò sí èébú níbẹ̀. Ìgbà tí a bá gbé e lé èèyàn lórí, tí a ní "èèyàn lásán ni," nígbà náà ni ó di èébú, nítorí kò sí èèyàn tó ṣófo.

Ọ̀nà kan tún wà tí a ń gbà lò ó nínú ìjọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo nǹkan tó bá ti ṣẹlẹ̀, a ó ní, "Èyí kì í ṣe ojú lásán." Orí fọ́ díẹ̀, kì í ṣe ojú lásán. Ọjà ò tà, kì í ṣe ojú lásán. Ẹ rántí oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, nígbà tí ilẹ̀ Mpape yìí mì tìtì. Àwọn kan sáré jáde, àwọn kan kúnlẹ̀, ẹnu gbogbo wa sì ni ọ̀rọ̀ yìí wà. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ wá sọ̀rọ̀ nípa ibi tí òkúta ti sán nísàlẹ̀, nípa omi tí a ń fi kànga ẹ̀rọ fà jù, àti nípa àdó tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta. Mo gbàgbọ́ nínú àdúrà. Mo sì mọ̀ pé ọ̀tá wà. Àmọ́ tí ó bá jẹ́ pé ohun tí kì í ṣe ojú lásán nìkan ni a ti ń wá Ọlọ́run, ọjọ́ mélòó nínú ọdún ni a ó rí I? Ọ̀pọ̀ ọjọ́, ilẹ̀ kì í mì. A jí, a jáde, a padà wálé. Ṣé Ọlọ́run ò sí nínú ìyẹn?

Ẹ sì rántí pé ilẹ̀ tó mì lọ́jọ́ yẹn, kò mì ní Mpape nìkan. Ó mì ní Maitama náà, níbi tí àwọn ọlọ́lá ń gbé, tí títì ńlá kan péré là wá láàárín. Ilẹ̀ kò béèrè ẹni tó jẹ́ ordinary kó tó mì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti bá wa fínra ní àdúgbò yìí rí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn Gbagyi ló ni ilẹ̀ Mpape kó tó di pé olú-ìlú dé. Láti orí òkè yìí ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ìlú tó wà nísàlẹ̀. Àwọn tó ń gbá ìlú náà, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tó ń wa mọ́tò rẹ̀, tó ń sè oúnjẹ rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gun òkè wá sùn níbí lálẹ́. Síbẹ̀, ní ọdún 2012, àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn máa wó Mpape nítorí pé kò sí nínú ìwé ètò ìlú. Ẹ kíyè sí i: ètò náà ni wọ́n dárúkọ, ordo. Wọ́n ní a ò sí ní ìlà. Àwọn ará Mpape kò ju òkúta, wọ́n gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní ọdún 2017, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Abuja dá wọn láre, ó sì ní kí wọ́n má wó o.

Òfin Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan tó bá èyí mu, ordinarily resident. Ẹni tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó fi ibì kan ṣe ibùgbé tòótọ́, tó ń jí níbẹ̀, tó ń sùn níbẹ̀, tí ìgbésí ayé rẹ̀ wà níbẹ̀ lójoojúmọ́. Nínú òfin, ọ̀rọ̀ yìí ò tíì pàdánù iyì rẹ̀. Ibẹ̀, ordinary túmọ̀ sí pé o fẹsẹ̀ múlẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kà ọ́ mọ́ èèyàn.

Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà nínú Bíbélì náà. Nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹrin, àwọn ìgbìmọ̀ mú Pétérù àti Jòhánù, ìgboyà wọn sì yà wọ́n lẹ́nu. Ohun tí wọ́n pè wọ́n ní èdè Gíríìkì ni idiotai. Láyé ìgbà náà, ẹni tí kò di oyè mú, tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ńlá, ẹni tó wà láyè ara rẹ̀, ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì òde òní kan túmọ̀ rẹ̀ sí ordinary. Bíbélì tiwa pè é ní òpè. Ẹ sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ Gíríìkì yẹn dà nígbà tó wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì? Òun ló di idiot! Apẹja méjì tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi. Ayé mú ọ̀rọ̀ tó kàn ń sọ pé wọn ò wà nípò, ó sọ ọ́ di èébú. Àmọ́ Lúùkù kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ó ní àwọn ìgbìmọ̀ mọ̀ pé wọ́n ti wà pẹ̀lú Jésù. Ẹni tó bá ọ rìn ló ń sọ ohun tó o jẹ́.

Mo ti ní mo máa padà sọ́dọ̀ obìnrin inú owó. Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Gbagyi ni, ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn ìyá tí a ń rí ní Mpape tí wọ́n gbé igi ìdáná lé èjìká. Ìlú Kwali, tó wà nínú agbègbè olú-ìlú yìí lónìí, ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí ọdún 1925. Ladi ni àwọn Hausa ń sọ ọmọbìnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọwọ́ àǹtí rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò mímọ. Nígbà yẹn, kò lo ẹ̀rọ tó ń yí. Amọ̀ ló ń lọ́ bí okùn, á máa tò ó léra, ìlà lórí ìlà, òun fúnra rẹ̀ á sì máa rìn yí ìkòkò náà ká. Ìkòkò omi ni, ìkòkò ọbẹ̀ ni, irú èyí tó wà nílé gbogbo ènìyàn. Ó kàn máa ń fín alángbá àti ejò sí i lára.

Ní ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba rán wá, rí àwọn ìkòkò rẹ̀ láàfin Ẹ́míà ìlú tí wọ́n ń pè ní Abuja nígbà náà, tó ti di Suleja lónìí. Ní ọdún 1954, Ladi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò tí Cardew dá sílẹ̀ níbẹ̀, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ̀ ọ́. Ìkòkò rẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, àwọn èèyàn sì ń dúró wò ó bó ṣe ń rìn yí amọ̀ ká. Ní ọdún 1977, Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá. Ọdún yẹn náà ni ogún náírà kọ́kọ́ jáde. Ó kú ní ọdún 1984.

Kí ló yí padà nínú ìkòkò náà? Kò pọ̀ o. Ọwọ́ kan náà, ìkòkò omi kan náà. Ojú tó ń wò ó ló yí padà jù. Kí Cardew tó dé, iṣẹ́ ọwọ́ Ladi ti pé. Ìlà lórí ìlà ló ń tò ó: ordo ni, iṣẹ́ ètò ni. Ordinary ni lóòótọ́, bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wà kó tó já bọ́.

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run pe ara Rẹ̀ ní Amọ̀kòkò nínú Ìwé Jeremáyà, ó sì pè wá ní amọ̀. Bí a bá wá pe ẹnìkan ní "èèyàn lásán," ta gan-an là ń bú? Mo fẹ́ bẹ̀ wá ní nǹkan mẹ́ta. Èkíní, nígbà ìjẹ́rìí, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ tàkìtì nìkan ni yóò dúró. Kí ẹni tó lọ síbi iṣẹ́ tó sì bọ̀ láyọ̀ náà dúró, kí á bá a dúpẹ́. Èkejì, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ ẹnu wa lórí ẹni tó ń gbálẹ̀ ìjọ, ẹni tó ń to àga, ẹni tó ń sè oúnjẹ àwọn ọmọdé. Ètò ni wọ́n. Ọjọ́ tí wọn ò bá wá ni a ó mọ̀. Ẹ̀kẹta, tí ẹlòmíràn bá sọ fún ọmọ rẹ pé Mpape ni wọ́n ń gbé, pé ordinary èèyàn ni wọ́n, sọ ìtàn ọ̀rọ̀ yẹn fún un. Sọ fún un pé oyè bíṣọ́ọ̀bù ni.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin wa, ó to àwọn ogún náírà náà jọ lọ́jọ́ yẹn, ó nà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n, a sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹni tó fi ogún náírà yẹn sílẹ̀, bóyá ohun tó ní nìyẹn, bíi ti opó tí Jésù jókòó wò. Owó rẹ̀ bọ́ sí ìlà tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀.

Kí Olúwa ṣí wa lójú sí ohun tí Ó ń ṣe lójoojúmọ́ láìdáwọ́ dúró. Àmín.